Ìjókòó Màmá Nínú Ọkọ̀ Ìjàpá

Ọkọ̀ tó máa ń gbé mọ́tò tó ti bàjẹ́ ló gbé Ìjàpá náà wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìkòsì. Ìjàpá ni gbogbo wa ń pe irú mọ́tò kékeré àtijọ́ yẹn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, tí búùtù rẹ̀ sì wà níwájú. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, mo yọjú wo inú rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tí ènìyàn lè pè ní ìjókòó. Irin tó ti dípẹtà ló kù. Aṣọ òrùlé inú rẹ̀ ti já, ó ń mì lẹ́gẹlẹ̀gẹ. Adìẹ sì ti fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ilé rí, nítorí mo bá èèpo ẹyin níbẹ̀.

Ọ̀gá mi, Ọ̀gá Súbérù, na ọwọ́ wọlé, wọ́n fọwọ́ pa irin ìjókòó náà bí ẹni ń fọwọ́ pa orí ọmọ. Wọ́n ní, "Mojí, mọ́tò yìí ni màá fi tú ọ sílẹ̀. Tí a bá ti parí ẹ̀ báyìí, o gba fírídọ̀mù ẹ."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

Ẹni tí kò bá kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rí lè má mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Bí ọmọ iṣẹ́ bá kọ́ṣẹ́ parí, ọ̀gá á pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, ọmọ iṣẹ́ á kúnlẹ̀ láàárín wọn, ọ̀gá á gbé ọwọ́ lé e lórí, á ṣàdúrà fún un, á sì fi sísọ́ọ̀sì tuntun lé e lọ́wọ́. Ìyẹn ni fírídọ̀mù. Bí o tilẹ̀ mọṣẹ́ ju ọ̀gá rẹ lọ, bí wọn kò bá tíì ṣe é fún ọ, ọmọ iṣẹ́ ni ọ́. Ẹgbẹ́ àwa tí à ń rán síìtì mọ́tò kò ní jẹ́ kí o ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n á bi ọ́ ni pé, "Ta ló tú ọ sílẹ̀?"

Ọdún mẹ́rin ni a kọ sínú ìwé àdéhùn èmi àti Ọ̀gá. Nígbà tí Ìjàpá dé, mo ti lo ọdún mẹ́fà àti oṣù díẹ̀.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ìyá mi ń ṣa tòmátì ní Mile 12, wọ́n máa ń yọ èyí tó ti rà kúrò lára èyí tó dára nínú apẹ̀rẹ̀ àwọn tó ń kó o wá láti òkè Ọya. Agbára wọn kò ká sẹ́kọ́ńdìrì. Wọ́n ní iṣẹ́ télọ̀ ni kí n kọ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò yá, ẹni tó bá sì ń rán aṣọ obìnrin gbọ́dọ̀ lè bá obìnrin sọ̀rọ̀. Ìjókòó mọ́tò kì í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn. Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Súbérù nìyẹn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Ọ̀gá gbé síìtì àlòkù kan síwájú mi, wọ́n fún mi ní bíléèdì. "Tú u," ni wọ́n wí. Mo tú u. Wọ́n ní kí n tú òmíràn. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń tú síìtì, tí n kò fọwọ́ kan máṣíìnì. Wọ́n ní ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń tú u kò lè mọ bí wọ́n ṣe ń rán an. Nígbà tí wọ́n wá gbà mí láyè lórí máṣíìnì, abẹ́rẹ́ wọ ìka mi lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá yọ ọ́, wọ́n da kẹrosíìnì sí i, wọ́n ní, "Ó ti mọ̀ ọ́ báyìí. Kò ní gún ọ mọ́." Òótọ́ ni, kò gún mi mọ́. N kò ní purọ́ mọ́ Ọ̀gá. Gbogbo ohun tí mo mọ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún kẹrin, mo ṣàkíyèsí pé Ọ̀gá ń fi ìka wá ojú abẹ́rẹ́. Wọ́n á fi òwú há ẹnu, wọ́n á máa gún afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà ni ojú rírán wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mẹ́wàá mẹ́wàá sílẹ̀ láràárọ̀ kí wọ́n tó dé. Bí wọ́n bá lọ kírun Àsárì, mo máa ń tú ibi tí wọ́n rán wọ́, màá tún un rán. Wọn kò béèrè, n kò sì sọ. Àwọn oníbàárà ń yìn wọ́n. Ọdún kẹrin tí ó yẹ kí n gba fírídọ̀mù kọjá, Ọ̀gá ní ó ku àwọn nǹkan kan tí n kò tíì mọ̀. Ó pẹ́ kí ó tó yé mi pé ojú mi ni wọn kò fẹ́ tú sílẹ̀.

Ẹni tó ni Ìjàpá náà ń gbé ní Mende. Ẹnjiníà ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n. Ọkùnrin tó tóbi ni wọ́n, wọ́n sì máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Bàbá wọn tó ti kú ló ni mọ́tò náà. Tíṣà àgbà ni bàbá náà nígbà ayé rẹ̀, kò sì lo mọ́tò náà bí wọ́n ṣe gbé e dé láti òkè òkun. Ó gbé e lọ fún àgbà onísíìtì kan ní Èbúté Mẹ́ta, ó ní kí ó tún inú rẹ̀ ṣe ní ìlànà tirẹ̀. Bó ṣe rí lẹ́yìn àtúnṣe yẹn gan-an ni Ẹnjiníà fẹ́ kó padà rí.

Wọ́n ní, "Ọ̀gá, màmá mi ti darúgbó. Wọ́n fẹ́ jókòó sínú mọ́tò yìí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohun ayé ìgbà yẹn nìkan ni mo fẹ́ o. Tí mo bá fọwọ́ kàn án tí mo bá fóòmù níbẹ̀, ẹ máa tú u palẹ̀ ni."

Ọ̀gá ní, "Fóòmù kẹ̀, sà? Iṣẹ́ àtijọ́ ni a fi kọ́ṣẹ́ o."

Ẹnjiníà yọ fọ́tò méjì jáde nínú àpò ìwé, fọ́tò aláwọ̀ dúdú àti funfun. Ọ̀gá gbà á, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà. Wọ́n mi orí. "Mo ti rí i, sà. Gbogbo ẹ̀ ló yé mi."

Bí Ẹnjiníà ṣe yí ẹ̀yìn padà ni Ọ̀gá na fọ́tò náà sí mi. "Mojí, kí ló wà níbẹ̀?"

Mo sọ ohun tí mo rí fún wọn. Nínú fọ́tò kìíní, ọkọ àti ìyàwó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, a sì ń rí inú rẹ̀ díẹ̀. Nínú ìkejì, wọ́n jókòó sínú mọ́tò, ẹni tó yà wọ́n dúró níwájú, ojú àwọn méjèèjì sì hàn nínú gíláàsì. Apá ọ̀tún ni sítíárìn wà, nítorí ayé ìgbà tí ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà lójú títì ni wọ́n rà á. Ìjókòó jẹ́ àwọ̀ méjì, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan funfun. Lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù, ohun kan wà bí àtẹ tí wọ́n hun.

Oṣù márùn-ún ni a fi ṣiṣẹ́ náà. Bí mo bá ní "a", kí ẹ mọ ohun tí mo ń sọ.

Àwọ̀ ni mo kọ́kọ́ wá. Fọ́tò kò lè sọ fún ènìyàn bóyá ohun dúdú jẹ́ búlúù tàbí pupa. Mo sùn sílẹ̀ lábẹ́ irin ìjókòó, mo fi ìṣó họ ìpẹtà kúrò díẹ̀díẹ̀, títí mo fi rí ègé lẹ́dà kan tí kò tó èékánná àtàǹpàkò, tí irin há mọ́lẹ̀. Pupa ni, pupa bí ẹ̀jẹ̀ màlúù tó ti gbẹ. Mo fi ìwé wé e, mo tọ́jú rẹ̀ sínú kọ́mú mi. Ègé yẹn ni mo gbé kiri títí mo fi rí irú rẹ̀ rà.

Lẹ́yìn náà, ohun tí wọ́n ń kì sínú ìjókòó. Láyé ìgbà yẹn, irun àgbọn ni, kì í ṣe fóòmù. Ọjà èso kò jìnnà sí wa, nítorí náà mo lọ bá àwọn tó ń bó àgbọn níbẹ̀, mo ní kí wọ́n fún mi ní èèpo tí wọ́n ń dà nù.

Ọ̀kan nínú wọn wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Sister, ẹ ẹ̀ ra àgbọn, èèpo lẹ fẹ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ṣé kànìnkànìn lẹ fẹ́ tà ni?"

Èkejì ní, "Fún un jàre. Ó jọ pé ọkọ ẹ̀ ló fẹ́ fi fọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa. Mo dorí kodò, mo kó o sínú àpò. Ìgbà mẹ́jọ ni mo lọ, wọ́n sì ti ń pè mí ní Ìyá Kànìnkànìn kí ó tó parí. Mo rẹ èèpo náà sínú omi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo lù ú, mo fi ìyarun onírin ya á títí ó fi dà bí irun, mo sá a, mo wá fi gọ́ọ̀mù tó ṣàn lẹ̀ ẹ́ ní ìpele ìpele. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń rùn bí adágún. Ọ̀gá ń fi aṣọ bo imú.

Aṣọ òrùlé inú mọ́tò ló gbà mí lákòókò jù. Ti àtijọ́ ní ihò wẹ́wẹ́ lára, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ. Kò sẹ́ni tó ń tà á mọ́. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ẹ̀yìn lẹ́dà funfun, mo fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí mo parí, n kò lè ká ìka mi mọ́, ìyá mi ló ń bá mi bu oúnjẹ.

Ní ti àtẹ abẹ́ dáṣíbọọ̀dù, mo lọ bá àwọn tó ń fi pàńkẹ́rẹ́ hun àga ní Mende. Baba tó gba iṣẹ́ náà yí páálí tí mo fi gé pátánì rẹ̀ síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. "Kí lèyí? Ibùsùn ológbò?" Mo sọ fún un pé inú mọ́tò ni. Ó ní òun ti hun àga fún ọba rí, òun ò hun nǹkan fún mọ́tò rí. Ṣùgbọ́n ó hun ún dáadáa.

Àárín iṣẹ́ yìí ni mo rí ohun tó dá wàhálà sílẹ̀.

Mo máa ń gbé fọ́tò méjèèjì kọ́ sára ògiri níwájú máṣíìnì mi. Lọ́jọ́ kan, mo ń wo èyí tí wọ́n fi dúró. Obìnrin yẹn kúrú. Orí rẹ̀ kò ju abíyá ọkọ rẹ̀ lọ. Mo wá wo èyí tí wọ́n fi jókòó. Orí àwọn méjèèjì dọ́gba nínú gíláàsì. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó dọ́gba géérégé. Ènìyàn lè ga ní ìdúró kí ó má fi bẹ́ẹ̀ ga ní ìjókòó, mo mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò lè tó bẹ́ẹ̀. Mo tún wo fọ́tò kìíní níbi tí ilẹ̀kùn ti ṣí, mo rí i pé etí ìjókòó tó wà lápá òsì ga ju ti awakọ̀ lọ. Onísíìtì Èbúté Mẹ́ta yẹn mọ̀ọ́mọ̀ ki irun àgbọn sí ìjókòó obìnrin náà ju ti ọkọ rẹ̀ lọ ni. Mo fi rúlà ṣe ìṣirò rẹ̀. Ó tó ìka mẹ́rin.

Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn bí ẹni pé òkú onísíìtì náà bá mi sọ̀rọ̀. Mo ṣe tìmùtìmù kan tó nípọn ní ìka mẹ́rin, mo fi àpò kókó bò ó bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà náà, mo gbé e sábẹ́ lẹ́dà ìjókòó ọwọ́ òsì, mo sì rán an pa. N kò sọ fún Ọ̀gá. Mo rò pé n óò sọ ọ́ lọ́la. Bí ọ̀la bá dé, ẹnu mi kì í ṣí.

Ó ku ọjọ́ méjì kí a gbé mọ́tò lọ, Ọ̀gá wá yẹ iṣẹ́ wò. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yẹ ẹ́ wò nígbà náà. Wọ́n fọwọ́ ra ìjókòó awakọ̀, wọ́n mi orí. Wọ́n fọwọ́ ra ìkejì, ojú wọn yí padà.

"Mojí! Kí ló dé tí èyí ga ju èkejì lọ?"

"Bó ṣe rí nìyẹn, sà. Nínú fọ́tò..."

"Fọ́tò wo? Ṣé èmi ò rí fọ́tò náà ni?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ṣé kí n ní ẹ kò rí i? Àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì ń wò wá, oníbàárà kan sì jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Mo wo ilẹ̀.

"Ọdún wo ni wọ́n ti ń ṣe síìtì méjì tí ọ̀kan ga ju ọ̀kan lọ? Kí wọ́n lè ní Súbérù ò mọ ìwọ̀n? Tú u! Jẹ́ kó bá èkejì mu."

Mo tú u, mo yọ tìmùtìmù náà, mo tún un rán kí ó dọ́gba. Ṣùgbọ́n n kò lè ju tìmùtìmù náà nù. Mo dì í sínú àpò, mo gbé e sínú búùtù iwájú Ìjàpá pẹ̀lú àwọn irinṣẹ́ wa. N kò mọ ohun tí mo ń rò.

Lọ́jọ́ Sátidé tí a gbé mọ́tò lọ sí Mende, Ẹnjiníà kò mọ ibi tí wọn ò bá fọwọ́ kàn. Wọ́n ń yí mọ́tò náà ká bí ọmọdé.

"Ọ̀gá, ihò ara òrùlé yìí ńkọ́? Ibo lẹ ti rí i?"

Ọ̀gá ní, "Ọwọ́ mi yìí ni, sà. Ọjọ́ mẹ́rin."

"Irun àgbọn yìí ńkọ́?"

"Èmi ni mo lù ú, sà. Iṣẹ́ àtijọ́."

Mo dúró lẹ́yìn pẹ̀lú báàgì irinṣẹ́ lórí èjìká. Kò dùn mí jù lọ́jọ́ yẹn. Fírídọ̀mù mi ni mo ń rò. Ọ̀gá ti mú ọjọ́ fún un, ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ìyá mi sì ti sọ fún gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń ṣa tòmátì.

Màmá wá jáde. Wọ́n kéré, wọ́n sì ti tẹ̀, wọ́n di ọwọ́ ọmọ wọn mú. Wọ́n fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, wọ́n fọwọ́ kan lẹ́dà pupa náà. Nígbà tí wọ́n rí àtẹ pàńkẹ́rẹ́, wọ́n pa àtẹ́wọ́. "Ìhín ni mo máa ń kó ẹ̀pà sí! Bàbá yín á máa wakọ̀, á máa na ọwọ́ wá a."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹnjiníà bá wọn gbé ẹsẹ̀ wọlé, wọ́n jókòó. Ẹnjiníà yí sí apá ọ̀tún, àwọn náà jókòó, wọ́n di sítíárìn mú.

Láti ibi tí mo dúró sí níwájú mọ́tò, mo ń rí orí Ẹnjiníà. N kò rí Màmá. Gèlè wọn díẹ̀ ló hàn lókè dáṣíbọọ̀dù.

Màmá wá ní, "Èmi ò rí títì."

Ẹnjiníà ní, "Ẹ̀n, Mà?"

"Mo ní èmi ò rí títì. Mo máa ń rí i. Bàbá yín sọ fún onísíìtì yẹn lójú mi pé ìyàwó òun ò ní jókòó bí ẹrù nínú mọ́tò òun. Ó ní kí n máa rí ibi tí òun ń gbé mi lọ." Wọ́n na ọwọ́ wá ilẹ̀kùn. "Ẹ jẹ́ n bọ́ọ́lẹ̀. Ó dára o, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n mọ́tò bàbá yín kọ́ nìyí."

Ẹnjiníà wo Ọ̀gá. Ọ̀gá tètè fèsì. "Ẹ má bínú, Mà. Ọmọ iṣẹ́ mi yìí ló ṣe síìtì yẹn. Mo sọ fún un, kò gbọ́. Ẹ mọ àwọn ọmọ òde òní."

Gbogbo ojú yí sí mi. Oṣù márùn-ún, kò sí ẹyọ iṣẹ́ kan tí mo ṣe nínú mọ́tò yẹn lẹ́nu Ọ̀gá, àfi ìjókòó tí wọ́n ní kí n bà jẹ́.

Mo lọ ṣí búùtù iwájú, mo gbé àpò náà jáde. Mo ní kí Màmá jọ̀ọ́ fún mi láàyè. Mo tú abẹ́ ìjókòó, mo gbé tìmùtìmù náà sí àyè rẹ̀, mo mú abẹ́rẹ́ tó tẹ̀ bí ìkọ́, mo sì rán an pa. Kò tó wákàtí kan. Ọ̀gá dúró lórí mi, mo ń gbọ́ èémí wọn.

Màmá tún jókòó. Lọ́tẹ̀ yìí, mo rí ojú wọn nínú gíláàsì, gbogbo rẹ̀, dé àgbọ̀n. Wọ́n wo géètì, wọ́n wo ojú ọ̀nà tó wà lẹ́yìn géètì. Wọn kò sunkún. Wọ́n kàn lu dáṣíbọọ̀dù pẹ́pẹ́, wọ́n ní, "Ẹ̀ẹ́n. Ó yá, ẹ ṣí géètì."

Ẹnjiníà ló bọ́ọ́lẹ̀ wá bá mi. "Ìwọ, ta ló sọ fún ọ?"

Bí mo bá dákẹ́ síbẹ̀, bóyá ǹ bá ti ní ṣọ́ọ̀bù lónìí. Bí mo bá ní, "Ọ̀gá ni, sà," gbogbo rẹ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu mi.

"Fọ́tò ni, sà."

Mo yọ fọ́tò méjèèjì jáde nínú báàgì, mo fi ìka tọ́ka sí orí méjèèjì. Ẹnjiníà wò ó títí. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìyanu ni, kò sí ibi nínú rẹ̀. Wọ́n na ọ̀kan sí Ọ̀gá. "Ọ̀gá, ẹ wò ó! Gbangba báyìí ló wà! Báwo ni a ò ṣe rí i?"

Ọ̀gá gbà á. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà. Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti wá rí i báyìí."

Orí fọ́tò wà nísàlẹ̀, táyà mọ́tò wà lókè.

Ẹnjiníà rọra gba fọ́tò náà, wọ́n fi sápò, wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, Ọ̀gá," ní ohùn tí ènìyàn fi ń kí aláìsàn. Ìgbà yẹn ni Ọ̀gá mọ̀ pé a ti mọ̀.

Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù, Ọ̀gá ní kí n kó ẹrù mi.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ọjọ́ Àìkú..."

"Ọjọ́ Àìkú wo? Ẹni tó ti mọ̀ ju ọ̀gá ẹ̀ lọ, kí ló fẹ́ kí ọ̀gá ẹ̀ tú sílẹ̀? Òun ti tú ara ẹ̀."

Ìyá mi lọ bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n mú àgbà àdúgbò dání, wọ́n mú àáfà dání. Ọ̀gá ní àwọn ò bá ẹnikẹ́ni jà, àwọn ò kàn mọ̀ mí ní ọmọ iṣẹ́ àwọn mọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá mi padà wálé, wọ́n jókòó sórí àpótí, ọwọ́ wọn ṣì pupa fún omi tòmátì. Wọ́n ní, "Mojí. Ìwọ tó jẹ́ pé tí wọ́n bá kí ọ, o kì í dáhùn. Ọjọ́ yẹn náà lo wá mọ ọ̀rọ̀ sọ?"

Mo bu omi wá, mo bá wọn fọ ọwọ́.

Àwọn ènìyàn máa ń sọ fún mi pé kí n dárí ji Ọ̀gá, pé ìtìjú ló ṣe wọ́n, pé àgbà tí ojú rẹ̀ ń lọ ń bẹ̀rù. Mo mọ̀. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Èmi ni mo ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ wọn. Ohun tó ń ká mi lára jù ni pé èmi náà ni mo bá wọn fi ojú yẹn pamọ́ fún ọdún méjì, tí mo rò pé ìtọ́jú ni mò ń tọ́jú wọn. Bí mo bá ti jẹ́ kí ojú rírán wọn wọ́ kí ayé rí i, bóyá wọn ì bá ti tú mi sílẹ̀ nígbà tó yẹ. Mo fi ọwọ́ ara mi rán ara mi mọ́ ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Àdúgbò Alápẹ̀rẹ̀ ni mo wà báyìí, lábẹ́ tapólì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò. Ìjókòó kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ti ọ̀kadà ni mò ń rán, nítorí ẹgbẹ́ kò ka ìyẹn sí iṣẹ́. Ìgbà méjì ni mo ti gba síìtì mọ́tò, ìgbà méjèèjì ni àwọn ẹgbẹ́ wá bá mi. "Ta ló tú ọ sílẹ̀?" Mo gbé síìtì náà padà fún ẹni tó ni ín. Wọ́n ní Ọ̀gá ti ya fọ́tò Ìjàpá náà ní ńlá, wọ́n gbé e kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù, pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ni. N kò lọ wò ó. Ọmọbìnrin kan tí ojú rẹ̀ ríran dáadáa ni mo gbọ́ pé ó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ báyìí.

Ní bí oṣù méjì sẹ́yìn, mo lọ ra òwú ní Ọjọ́ta. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àpò òwú wà lórí mi, mo rí Ìjàpá náà tó ń bọ̀. Wọ́n ti kùn ún ní funfun. Àwọn ènìyàn ń dúró wò ó, awakọ̀ kan yọ orí jáde, ó kígbe pé, "Baba, ẹ tà á fún mi!" Mo gbé ọwọ́ sókè. N kò mọ ìdí tí mo fi gbé e. Àwọn tó wà nínú mọ́tò náà kò rí mi, ojú ọ̀nà ni wọ́n ń wò.

Ó kọjá. Mo yí padà, mo wo gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi gba abẹ́ afárá lọ. Ẹnjiníà ga, Màmá kúrú. Orí àwọn méjèèjì dọ́gba.